Dráìfù Mi Kò Hàn Lórí Kọ̀ǹpútà: Ìbéèrè Tí Wọ́n Máa Ń Bi Wá Jù Ní Òṣogbo, àti Ìdáhùn Wọn

Oríṣiríṣi èèyàn ló ń bi wá ní ìbéèrè wọ̀nyí: ayàwòrán tó gbọ́dọ̀ kó fídíò ìgbéyàwó lé oníbàárà lọ́wọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akẹ́kọ̀ọ́ UNIOSUN tí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ wà lórí dráìfù kan ṣoṣo, akọ̀wé ìjọ, oní-business-centre ní Ọ̀láìyá, ìyá tí fọ́tò ìsìnkú bàbá rẹ̀ wà níbi tí kò lè dé mọ́. Kọ̀ǹpútà là ń tún ṣe níbí, ohun tá a sì rí ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn dráìfù, ìyẹn ohun tí a ń kó fáìlì pamọ́ sí tí a sì ń fi wáyà USB so mọ́ kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń gbé wá pé "ó ti kú" ni kò kú. Wáyà ló kú, tàbí ihò tí wọ́n so ó mọ́, tàbí kẹ̀ iná tó ń dé ibẹ̀ ni kò tó. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń ti ìta wọlé, tá a sì ń bẹ èèyàn pé kó má tẹ Format, àṣẹ tó ń sọ dráìfù di òfìfo, kó tó rí wa. Windows la fi ṣàlàyé, torí òun ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa.

Mo so dráìfù mọ́ kọ̀ǹpútà, kò hàn rárá. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ fi ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ná. Ẹ gbé dráìfù náà sórí tábìlì, ẹ wo iná kékeré tó wà lára rẹ̀, ẹ tẹ́ etí sí i, kí ẹ sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bó bá jẹ́ irú èyí tí awo ń yí nínú rẹ̀, tí òun náà ló ṣì pọ̀ jù nígboro, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ pé ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ ìró wìì kan tí kò ga. SSD ní tiẹ̀ kò ní awo, kì í dún, kì í sì í gbọ̀n, iná ara rẹ̀ nìkan lẹ máa fi mọ̀.

Bí kò bá tàn, tí kò sì dún, iná kò dé ibẹ̀ nìyẹn. Bó bá tàn tó sì ń yí jẹ́jẹ́, iná ti dé, ṣùgbọ́n yálà fáìlì kò rí ọ̀nà kọjá nínú wáyà, tàbí kọ̀ǹpútà ti rí dráìfù náà, kò kàn fi hàn yín ni. Bó bá ń dún ká-ká-ká, ẹ yọ ọ́ kíá, kí ẹ ka ìdáhùn tó wà fún ìró nísàlẹ̀ kí ẹ tó tún so ó mọ́ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa pààrọ̀ nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan: ihò mìíràn lára kọ̀ǹpútà kan náà, wáyà mìíràn, kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ má pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí bó bá wá ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ èyí tó ń dá wàhálà sílẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà yín bá jẹ́ desktop, ẹ fi ihò iwájú sílẹ̀, ẹ lọ sí ẹ̀yìn. Ihò ẹ̀yìn wà lára motherboard (bọ́ọ̀dù ńlá inú kọ̀ǹpútà) fúnra rẹ̀. Ti iwájú, wáyà tín-ín-rín kan ló gbé e gba inú àpótí kọjá, wáyà yẹn sì máa ń tú tàbí kó dẹ̀. Bí hub (ohun tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀) bá wà láàárín, ẹ yọ ọ́.

Wáyà tó bá a wá ti sọnù. Mo fi wáyà fóònù sí i, iná rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò rí i. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà yẹn ni. Inú wáyà USB àtijọ́ ní okùn mẹ́rin: méjì ń gbé iná, méjì ń gbé fáìlì. Àwọn tó ń ṣe wáyà olówó pọ́ọ́kú fún ṣájà máa ń yọ méjì tó ń gbé fáìlì kúrò, torí fóònù kò nílò wọn láti gba iná. Irú wáyà bẹ́ẹ̀ á jẹ́ kí dráìfù tàn, kó sì máa yí, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Ẹ dán an wò báyìí: ẹ fi wáyà náà so fóònù yín mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí fóònù bá kàn ń gba iná, tí kò bi yín bóyá ẹ fẹ́ kó fáìlì, ẹ jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣájà yín, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀.

Ẹ wo ihò ara dráìfù náà dáadáa. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó fẹ̀, ó sì pín sí méjì, apá ńlá àti apá kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Micro-B ti USB 3.0 nìyẹn, àmọ́ tí ẹ bá ti ní "wáyà hard drive" ní ìsọ̀ èyíkéyìí ní Old Garage, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń wá. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé apá ńlá yẹn ni ihò micro-USB àwọn fóònù Android àtijọ́ gan-an. Wáyà fóònù tí okùn rẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa wọ ibẹ̀ rẹ́gí, dráìfù á sì hàn. Á lọ́ra, torí ìyára USB 2.0 ló máa lò, àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí gbogbo ìsọ̀ ti tì, tí oníbàárà sì ń pe fóònù, ó ń gbani.

Tí ẹ bá máa ra wáyà, ẹ ra èyí tó kúrú tó sì nípọn. Bí wáyà ṣe ń gùn tó sì ń tín-ín-rín ni iná tó ń dé ìdí dráìfù ń dín kù. Ẹ mú dráìfù náà dání lọ, kí wọ́n dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó.

Àfi kí n fi ọwọ́ tẹ wáyà náà sápá kan kó tó hàn. Tí mo bá fọwọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú wáyà tuntun, ihò tó wà lára dráìfù ló ti ń kúrò ní ojú lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó o mọ́lẹ̀. A ti rí èyí tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì, tí wọ́n fi rọ́bà dè, èyí tí wọ́n gbé Bíbélì lé lórí pàápàá. Gbogbo rẹ̀ ló ń fa ihò náà ya lọ. Ìgbà yòówù tó bá ti hàn, ẹ kó fáìlì yín jáde ní ìjókòó yẹn, èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ fi ṣáájú. Lẹ́yìn náà, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ lẹ́ẹ̀dì dáadáa tún ihò náà jó. Iṣẹ́ kékeré ni, bí kò bá tíì ya àwọn ọ̀nà tó wà lára bọ́ọ̀dù.

Dráìfù mi ń hàn, ó ń lọ, pàápàá tí mo bá ń kó fídíò ńlá. Mo fura sí fáírọ́ọ̀sì.

Fáírọ́ọ̀sì kì í sábà ṣe èyí. Iná ni kí ẹ fura sí.

Gbogbo agbára tí dráìfù kékeré ń lò, ihò USB ló ti ń mu ún. USB 2.0 tó jáde lọ́dún 2000 fàyè gba 500 mA (mA ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń kọjá ṣe pọ̀ tó) ní fóltì 5. USB 3.0 tó jáde lọ́dún 2008 gbé e dé 900 mA. Ihò USB 3.0 sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù nínú, ibẹ̀ ni kí ẹ so ó mọ́. Dráìfù oní-awo máa ń fa iná jù nígbà tó bá ń gbéra, ó tún ń fà gan-an nígbà tó bá ń kọ fáìlì ńlá sílẹ̀. Bí ihò náà kò bá lè fún un tó, awo á dẹwọ́, kọ̀ǹpútà á ní ó ti lọ, á tún gbéra, á tún hàn. Ìró tí-tún, tí-tún tí Windows máa ń ṣe láìdákẹ́ nìyẹn.

Hub tí kò ní ṣájà tirẹ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Ihò kan péré ni hub bẹ́ẹ̀ ń fà lára kọ̀ǹpútà, ó sì ń pín in fún keyboard, mouse, modem àti dráìfù. Ẹ so dráìfù tààrà.

Ìkejì ni pé Windows fúnra rẹ̀ máa ń pa ihò USB láti dá iná sí. Ẹ ṣí Device Manager, ẹ lọ sí Universal Serial Bus controllers, ẹ tẹ USB Root Hub lẹ́ẹ̀mejì, ẹ lọ sí Power Management, kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Allow the computer to turn off this device to save power". Tó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ ṣe é fún gbogbo wọn. Nínú Power Options náà, ẹ wá USB selective suspend, kí ẹ sọ ọ́ di Disabled.

Ìkẹta, ọ̀rọ̀ iná àdúgbò. Laptop tí bátìrì rẹ̀ dára kì í mọ̀ ọ́n lára púpọ̀ bí iná ìjọba bá lọ tàbí bí iná jẹnẹrétọ̀ bá ń lọ sókè sódò. Desktop tí kò ní UPS ló ń jìyà. Iná lọ ní àárín ìgbà tó ń kọ fáìlì, fáìlì náà á dúró sí ìlàjì, nígbà mìíràn gbogbo àkọsílẹ̀ dráìfù á dàrú. Ẹni tó bá fẹ́ kó fídíò òde ọjọ́ Sátidé tó tó 200 GB, orí laptop tí bátìrì rẹ̀ kún ni kó ti kó o.

Tèmi tóbi bí ìwé ńlá, ó sì ní ṣájà tirẹ̀. Ṣájà náà ti bàjẹ́. Ṣé mo lè lo ti decoder?

Irú dráìfù yẹn nílò fóltì 12, USB kò sì lè fún un. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ṣájà àtijọ́: ẹ ó rí "Output: 12V" àti iye A (ampere, bí iná tó lè gbé ṣe pọ̀ tó). Ṣájà tí ẹ bá fẹ́ lò gbọ́dọ̀ jẹ́ 12V bákan náà, A rẹ̀ kò gbọdọ̀ kéré sí ti tẹ́lẹ̀, àmì + àti − tí wọ́n yà sí i sì gbọ́dọ̀ bára mu. Ti decoder mìíràn bá a mu, ti òmíràn kò bá a mu. Ẹnu ṣájà laptop kan wà tó máa ń wọ ibẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún un, fóltì 19 ló sì gbé dání. Ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó o láti jó bọ́ọ̀dù.

Ó hàn, ṣùgbọ́n Windows ní "You need to format the disk in drive E: before you can use it."

Ẹ tẹ Cancel.

Ìdáhùn gan-an nìyẹn, ìyókù àlàyé ni. Lórí dráìfù, fáìlì wà lọ́tọ̀, àkọsílẹ̀ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà náà wà lọ́tọ̀. Bí ìwé tí aláṣọ kọ orúkọ oníbàárà àti ibi tó gbé aṣọ oníkálukú sí bá jó, aṣọ ṣì wà ní ìsọ̀. Kò kàn mọ ti ta ni èyí mọ́. Windows kò rí àkọsílẹ̀ kà, ó wá ń ní kí ẹ jẹ́ kí òun ṣí ìwé tuntun tí nǹkan kan kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó tẹ OK nítorí pé "ó ní kí n tẹ̀ ẹ́ ni" pọ̀.

Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, tó sì jẹ́ Quick Format, ẹ má fi nǹkan kan sí i mọ́, ìrètí ṣì wà. Bí ẹ bá yọ àmì Quick kúrò, tí ẹ sì jẹ́ kó parí, Windows láti ìgbà Vista máa ń kọ òdo bo gbogbo dráìfù náà. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè rí mú níbẹ̀ mọ́. Lórí SSD, Quick Format pàápàá lè kó gbogbo rẹ̀ lọ, torí àṣẹ kan tí wọ́n ń pè ní TRIM ń jẹ́ kó fọ ibi tó bá ti ṣófo.

Bí ẹ kò bá tíì tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ́kọ́ so dráìfù náà mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú wáyà mìíràn. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣí wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí kò bá ṣí, ẹ lo CrystalDiskInfo, ọ̀fẹ́ ni, láti wo ìlera rẹ̀. Búlúù pẹ̀lú "Good", ó dáa. Yẹ́lò pẹ̀lú "Caution", awo ti ń ní ojú egbò. Ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6: bí iye tó wà níbẹ̀ kì í bá ṣe òdo, dráìfù fúnra rẹ̀ ló ń ṣàárẹ̀. Bó bá jẹ́ C7 nìkan ló ń lọ sókè, wáyà tàbí ihò ni kí ẹ fura sí.

Dráìfù tí ara rẹ̀ le ni ẹ lè fi TestDisk tàbí PhotoRec wá fáìlì rẹ̀. Christophe Grenier ló ṣe méjèèjì, kò gba kọ́bọ̀. TestDisk ń gbìyànjú láti tún àkọsílẹ̀ ṣe. PhotoRec kò wo àkọsílẹ̀ rárá, ó ń wá fọ́tò, fídíò àti ìwé láti orí dé ìdí dráìfù. Ohun tó bá rí kò ní í ní orúkọ àtijọ́ mọ́, ẹ ó jókòó tò wọ́n. Orí dráìfù mìíràn ni kí ẹ kó o sí, kò gbọdọ̀ jẹ́ orí èyí tí ẹ ń gbà là.

Èyí tó ń ṣàárẹ̀ ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré chkdsk, irinṣẹ́ Windows tó ń tún àkọsílẹ̀ ṣe, lórí rẹ̀. chkdsk ń kọ nǹkan sórí dráìfù, ó sì ń fi agídí lọ sí ibi egbò. Ẹ̀dà rẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ gbà, pẹ̀lú irinṣẹ́ bíi ddrescue tó ń kó ibi tó dára ná kó tó padà wá bá ibi tó le, ẹ̀dà yẹn la sì ń ṣiṣẹ́ lé lórí.

Ẹ̀yin ẹ sọ pé kọ̀ǹpútà lè ti rí i láìfi hàn. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

Ẹ tẹ Windows àti X pa pọ̀, ẹ yan Disk Management. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ibi tí Disk 0, Disk 1 tò sí. Disk 0 sábà máa ń jẹ́ ti inú kọ̀ǹpútà, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ bá rí dráìfù yín pẹ̀lú ìlà búlúù lórí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lẹ́tà bíi E tàbí F, ayọ̀ ti dé. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún mouse tẹ̀ ẹ́, ẹ yan Change Drive Letter and Paths, ẹ tẹ Add, ẹ fún un ní lẹ́tà. Àwọn kan ti lọ ra dráìfù tuntun nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Bó bá kọ RAW, ìyẹn ni pé Windows kò rí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kà, ẹ padà sí ìdáhùn Format. Bí ìlà rẹ̀ bá dúdú, tó kọ Unallocated, tí ẹ sì mọ̀ pé fáìlì wà níbẹ̀ lánàá, ẹ má tẹ New Simple Volume. TestDisk ni kí ẹ ronú kàn. Bí Windows bá ń bi yín bóyá MBR tàbí GPT (ọ̀nà méjì tí wọ́n ń gbà pín dráìfù), dráìfù tuntun nìkan ni kí ẹ dá a lóhùn fún, GPT ni kí ẹ yàn bó bá ju 2 TB lọ. Bó bá kọ No Media, bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò gbọ́ ọ̀rọ̀ awo mọ́, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti ilé.

Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lo Mac ni dráìfù náà ti wá. Windows kò mọ APFS, ọ̀nà tí Mac ń gbà to fáìlì, kà. Mac tó fi kọ ọ́ máa ṣí i láìjanpata.

"USB device not recognized", Code 43. Kí ni ìyẹn?

Kọ̀ǹpútà mọ̀ pé ẹnì kan ń kànlẹ̀kùn, kò gbọ́ orúkọ tó ń dá. Ẹ yọ dráìfù. Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá: kí ẹ di Shift mú bí ẹ bá ń tẹ Shut down, torí láti Windows 8 wá, Shut down lásán kì í pa á tán. Ẹ yọ ṣájà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ tàn án, ẹ so dráìfù mọ́ ihò mìíràn. Bí kò bá gbà, ẹ ṣí Device Manager, ẹ tẹ View, Show hidden devices, ẹ Uninstall èyí tí àmì yẹ́lò wà lára rẹ̀, kí ẹ yọ dráìfù, kí ẹ tún so ó. Tó bá jẹ́ ohun kan náà ló ń sọ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn pẹ̀lú wáyà mìíràn, bọ́ọ̀dù dráìfù ló ní ẹjọ́.

Mo lọ tẹ̀wé ní business centre, mo délé, gbogbo folder mi ti di shortcut.

Èyí ni fáírọ́ọ̀sì ní tòótọ́. Fáìlì yín kò lọ síbì kan, ó fi wọ́n pamọ́ ni, ó wá fi shortcut ẹ̀tàn sí ipò wọn. Ẹ má tẹ ìkankan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí Windows Security yẹ dráìfù náà àti kọ̀ǹpútà yín wò, kọ̀ǹpútà ni kó ṣáájú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò padà wá. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ èyí, kí ẹ fi lẹ́tà dráìfù yín rọ́pò E:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ ní sùúrù títí yóò fi parí. Folder yín á jáde, ẹ ó wá pa àwọn shortcut àti fáìlì àjèjì tó bá parí sí .vbs rẹ́. Kí ló tiẹ̀ gbé dráìfù 1 TB dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ tẹ ojú ìwé méjì? Ẹ fi PDF ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tàbí kí ẹ mú fláàṣì kékeré lọ.

Dráìfù mi ń dún ká-ká-ká. Wọ́n ní kí n gbé e sí fìríìsà.

Ẹ má gbé e sí fìríìsà o. Omi á là sórí awo bó bá jáde síta, ohun tó ṣẹ́ kù á bá a lọ.

Nínú dráìfù oní-awo, orí tó ń kà kì í fara kan awo. Àlàfo tó wà láàárín wọn kéré ju ẹ̀rún eruku lọ, awo yẹn sì ń yí ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Ìró ká-ká ni orí náà tó ń wá ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, tí kò rí i, tó padà sẹ́yìn, tó tún gbìyànjú. Iná tí kò tó náà lè fa á. Nítorí náà ẹ lè fi wáyà kúkúrú so ó mọ́ ihò ẹ̀yìn desktop lẹ́ẹ̀kan péré. Bó bá ṣì ń dún, ẹ yọ ọ́, kí ẹ má tún so ó mọ́. Gbogbo ìṣẹ́jú tó bá fi dún lè máa ha ojú awo.

Ẹni tó bá ní òun á tú u lórí tábìlì kí òun "rán orí rẹ̀ lọ́wọ́", ẹ gba ohun ìní yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ rántí bí tábìlì ṣe máa ń rí ní Òṣogbo tí ọyẹ́ bá dé, bí ẹ bá nù ún láàárọ̀, ẹ lè fi ìka kọ orúkọ sí i kó tó di ọ̀sán. Ilé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní ni wọ́n ti ń ṣí i. Àwa náà kì í ṣí i.

Ó já bọ́ lọ́wọ́ mi nínú kòrópe. / Òjò pa á lọ́jọ́ Ọdún Ọ̀ṣun.

Èyí tó já bọ́ nígbà tí kò ṣiṣẹ́ sábà máa ń yè, torí orí rẹ̀ ti wọlé sùn. Èyí tó já bọ́ nígbà tó ń yí ló burú. Ẹ dúró kí awo dákẹ́ lẹ́yìn tí ẹ bá yọ wáyà kí ẹ tó sọ ọ́ sínú báàgì.

Ti òjò: oṣù kẹjọ ni ọdún, oṣù kẹjọ náà sì ni òjò, àwọn oníkámẹ́rà mọ̀ ọ́n. Ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan "láti wò ó bóyá". Ẹ nù ún, ẹ fi síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kì í ṣe inú ìrẹsì, kì í ṣe abẹ́ dryer. Bí omi bá wọlé tí fáìlì náà sì ṣe pàtàkì, ẹ gbé e wá kó tó gbẹ pátápátá, kí omi má baà jẹ bọ́ọ̀dù.

Kí ló dé tó ń lọ́ra tó báyìí?

Ẹ wo ihò àti wáyà. Lórí USB 2.0, 100 GB lè gbà tó wákàtí kan. Lórí USB 3.0, dráìfù oní-awo kan náà lè parí rẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fọ́tò kéékèèké máa ń pẹ́ ju fídíò ńlá kan lọ. Bó bá ti ń yára tẹ́lẹ̀ tó wá ń rọ́ láìnídìí, CrystalDiskInfo ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí.

Mo ra 1 TB, 931 GB ni mo rí. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Rárá. Ẹni tó ṣe é fi 1,000 ka, Windows fi 1,024 ka.

Fláàṣì 2 TB tí mo rà ní ẹ̀dínwó ńkọ́?

Ìyẹn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rẹ́ yín jẹ. Wọ́n kọ́ ọ láti máa pe ara rẹ̀ ní 2 TB, bóyá 32 GB ló wà nínú rẹ̀. Fáìlì àkọ́kọ́ á ṣí, àwọn tó tẹ̀lé e á jẹ́ orúkọ lásán. Ẹ fi H2testw dán an wò nígbà tó ṣì ṣófo, kí ẹ lè dá a padà.

Tẹlifíṣọ̀n kò gba fídíò mi, Mac kò jẹ́ kí n fi fáìlì sí i.

FAT32, NTFS àti exFAT jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí dráìfù. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ fẹ́ràn FAT32, FAT32 kò sì gba fáìlì kan tó bá tó 4 GB. Mac ń ka NTFS, kò lè kọ nǹkan sí i. exFAT ló máa ń bá Windows àti Mac lò pọ̀, àti ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun. Àmọ́ kí ẹ tó yí i padà, format ni, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde.

Ṣé dandan ni kí n máa tẹ Eject?

Láti Windows 10 ti 2018, ẹ̀dà 1809, wọ́n ti ṣètò rẹ̀ kó máa kọ nǹkan sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láìkó o jọ ná, nítorí náà ìyọkúrò lójijì kò burú tó ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣì máa tẹ̀ ẹ́. Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni, ó sì ń jẹ́ kí orí dráìfù wọlé jẹ́jẹ́. Bí Windows bá ní nǹkan kan ṣì ń lò ó, ẹ pa fídíò àti folder tó ṣí, tàbí kí ẹ pa kọ̀ǹpútà.

Ṣé ẹ ò lè tú àpò rẹ̀, kí ẹ fi dráìfù inú rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà?

Fún àwọn kan, bẹ́ẹ̀ ni: inú àpò náà ni dráìfù SATA lásán (irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ inú kọ̀ǹpútà) wà, bọ́ọ̀dù kékeré tó ń sọ SATA di USB ló sì bàjẹ́. Ẹ bọ́ ọ, ẹ fi sínú àpò tuntun, ó parí. Fún àwọn mìíràn, wọ́n jó ihò USB mọ́ bọ́ọ̀dù dráìfù fúnra rẹ̀, kò sí SATA níbẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tí bọ́ọ̀dù náà ń ti fáìlì pa bó ṣe ń kọ ọ́, bí ẹ bá sì gbé awo lọ síbòmíràn láìsí bọ́ọ̀dù yẹn, ìdàrúdàpọ̀ lẹ máa kà. Ẹ má tú u kí a tó wò ó.

Èló ni ẹ máa gbà láti bá mi gba fáìlì mi padà?

A kì í dá iye lórí fóònù. Wáyà lè jẹ́ gbogbo ìṣòro náà, orí tó ṣẹ́ náà sì lè ni. Ẹni tó bá dá owó ńlá lé e kó tó fọwọ́ kàn án, àti ẹni tó bá fi gbogbo ẹnu ṣèlérí pé kò sí èyí tóun ò lè gbà padà, ọ̀kan ni wọ́n.

Tí mo bá ń gbé e bọ̀, kí ni kí n mú dání?

Dráìfù àti wáyà tí ẹ ń lò gan-an, pẹ̀lú ṣájà rẹ̀ bó bá ní. Ọ̀rọ̀ ìwọlé, tàbí recovery key bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dráìfù pa, bá wà lórí rẹ̀. Recovery key yẹn jẹ́ nọ́mbà méjìdínláàádọ́ta tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn, ó sì lè wà nínú àkáǹtì Microsoft yín. Dráìfù mìíràn tó ṣófo tó sì tóbi tó, tí a máa kó ohun tí a bá rí sí. Kí ẹ tún kọ orúkọ folder mẹ́ta tí ẹ kò lè pàdánù sórí bébà, torí bí dráìfù bá gbà fún wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àwọn la máa kọ́kọ́ mú.